Ọjọ́ Karùn-ún ní Ìta-Ọsàn

Nǹkan tó máa ń mú inú Monínúọlá dùn kò pọ̀. Tíì gbígbóná láàárọ̀ wà lára wọn, kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dákẹ́ ariwo náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ju gbogbo wọn lọ ni kó tẹ bọ́tìnnì kan lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí àwọn àyẹ̀wò rẹ̀ máa kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì yọ àwọ̀ ewé láìku ẹyọ kan. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ó mọ iye wọn bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ iye àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wọn lè béèrè pé kí ni wọ́n ń pè ní àyẹ̀wò. Kò le rárá. Ègé-ègé ni wọ́n máa ń kọ áàpù: ègé kan ń ṣírò ọjọ́, ègé kan ń tọ́jú orúkọ aláìsàn, ègé kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Àyẹ̀wò náà jẹ́ ègé kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa bi àwọn yòókù léèrè lọ. Á ní, bí mo bá fún ọ ní báyìí, kí lo máa fún mi padà? Ìdáhùn tó yẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó béèrè. Bí èyí tó gbọ́ bá bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, á yọ àwọ̀ ewé. Bí kò bá bá a mu, á pọ́n fòò, ẹni tó kọ ọ́ á sì padà lọ wo ibi tó ti ṣì í.

Monínúọlá ló mú àṣà yìí wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Ìlá, lókè ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgò omi. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó wá kàwé ní Adó, Adó sì gbà á mọ́ra, kò padà sílé mọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí wọ́n bá kọ áàpù tán, oníbàárà ni yóò máa bá wọn rí àṣìṣe inú rẹ̀, wọn á sì máa sáré kiri. Òun ló ṣòfin pé kò sí iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé láìní àyẹ̀wò tirẹ̀, àti pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá mú kí àyẹ̀wò pọ́n ni yóò fọ ife tíì gbogbo ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ìgbà mẹ́ta ni Akínbọ́lá tó jẹ́ ọ̀gá wọn ti fọ ife. Monínúọlá kò fọ ọ́ rí, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn àṣà yìí náà ló jẹ́ kí àjọ kan tó ń gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn ará oko gbé iṣẹ́ fún wọn. Àjọ náà ní bọ́ọ̀sì kan tó máa ń lọ sí àwọn ọjà oko lẹ́yìn Ìgèdè. Ọjà Ìta-Ọsàn wà lára wọn, ọrọọrún ni wọ́n sì ń ná an. Àwọn àgbà tó ń gbé abà kì í jáde bí kò bá ṣe ọjọ́ ọjà, nítorí náà ọjọ́ ọjà ni bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dé. Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ á gbé tábìlì sábẹ́ igi, á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, á sì fún wọn ní oògùn tó máa tó wọn di ọjà méjì. Àjọ kì í jẹ́ kó fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n ń pín in fún aládùúgbò bí ẹni pín àádùn.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Folúkẹ́ fi ń ka ọjọ́ àwọn ọjà yẹn lórí, láìṣì í kà. Àjọ ní ayé ti dayé kọ̀ǹpútà. Áàpù Monínúọlá ló gba iṣẹ́ kíka ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Folúkẹ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju kó tẹ ọjọ́ ọjà àkọ́kọ́ sínú fóònù lọ, áàpù ni yóò máa ka ìyókù, tí yóò sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí awakọ̀. Awakọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gbéra bí fóònù kò bá tíì wí. Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjà kún, bọ́ọ̀sì dé, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ajé bákan náà, Akínbọ́lá wọlé sí ọ́fíìsì láàárọ̀, kò sì jókòó. Ó ní obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tiwalọpẹ́ ṣubú lulẹ̀ ní ọjà Ìta-Ọsàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì tí kò dé. Ìgbà kẹta tó wá tí kò bá bọ́ọ̀sì nìyẹn, oògùn rẹ̀ sì ti tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti wà ní ọsibítù, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti yẹ̀. Àwọn ọ̀gá àjọ ti wo àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì ń lọ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà. Wọ́n ní Folúkẹ́ ló tẹ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sínú fóònù, a jẹ́ pé òun ló tẹ̀ ẹ́ ṣì. Wọ́n ti kọ lẹ́tà tí wọ́n máa fi dá a dúró. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé, lẹ́tà náà á sì di fífún un níbẹ̀, àyàfi bí ẹnìkan bá rí nǹkan mìíràn sọ.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá, àbí?" ni Akínbọ́lá wí. "Kọ ọ́ sínú ìwé pé gbogbo rẹ̀ ló yege. Kí o fọwọ́ sí i, kí wọ́n má lọ ní àwa ni."

Àánú obìnrin àgbà náà ṣe Monínúọlá gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á. Kò rí ìdí tí ẹ̀rù á fi ba òun. Ó tẹ bọ́tìnnì, igba ó lé mẹ́rìnlá yọ àwọ̀ ewé. Ó ti dán ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì wò, ó ti dán ìparí ọdún wò, ó ti dán ọjọ́ ọdún Kérésì àti ọjọ́ Iléyá wò. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè ti rí àṣìṣe nínú áàpù yẹn tí òun kò ti kọ́kọ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà, ó sì ṣí ojú ewé àyẹ̀wò ọjọ́ ọjà kó lè kọ orúkọ àyẹ̀wò náà sínú ìwé bó ṣe yẹ.

Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá yí nǹkan padà nínú iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ àti orúkọ á sì wà níbẹ̀ títí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Nọ́ọ̀sì ṣì í kà. Mo ti tún un ṣe. Monínúọlá." Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ tó kọ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ padà wá sí i lọ́kàn. Lóṣù tó kọjá, ó ti ní kí Folúkẹ́ kọ àpẹẹrẹ wá, torí ó gbà pé lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ìdáhùn àyẹ̀wò ti ń wá. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Folúkẹ́ já ìwé kan láàárín ìwé ìkọ̀wé, ó fi bírò búlúù kọ ọ́ pé bí ọjà bá bọ́ sí Ajé, èyí tó kàn á bọ́ sí Ẹtì, òmíràn Ìṣẹ́gun, òmíràn Àbámẹ́ta, òmíràn Ọjọ́rú. Ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé bí ohunkóhun kò bá yé wọn, kí wọ́n pe òun. Monínúọlá tẹ àwọn ọjọ́ náà sínú àyẹ̀wò, gbogbo wọn sì pọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, àwọn ará àjọ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ láago márùn-ún. Ó wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà. Ajé, kí èèyàn fi márùn-ún kún un, Àbámẹ́ta ni. Ajé sí Ẹtì kò ju mẹ́rin lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá yìí kò mọ ìṣirò. Ó pa Ẹtì rẹ́, ó kọ Àbámẹ́ta sí i, ó pa àwọn yòókù rẹ́ pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ sì yọ àwọ̀ ewé.

Kò pe nọ́ńbà náà. Folúkẹ́ ló tún wá pè é fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí áàpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní àwọn dé Ìta-Ọsàn, àwọn kò bá ẹyọ ènìyàn kan, àná ni wọ́n ná ọjà. Monínúọlá ń jẹun lọ́wọ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn pé àwọn ti dán gbogbo ẹ̀ wò, ẹ máa tẹ̀lé ohun tí fóònù bá wí, mà. Ó tilẹ̀ rò pé òun ṣe dáadáa tí òun kò fi ìbínú dá a lóhùn.

Báyìí, ó wá ìwé tí Folúkẹ́ kọ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì rí i lábẹ́ okùn ṣájà fóònù kan tó ti bàjẹ́. Ó wò ó títí. Síbẹ̀, ẹ má bínú, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ṣì ni pé márùn-ún ni márùn-ún. Kò parí ìwé tí Akínbọ́lá ní kó kọ, kò sì sọ ìdí. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọ táksí ní Adó, ó kọjá Ìyìn, ó sọ̀kalẹ̀ ní Ìgèdè, ó sì gun ọ̀kadà wọ oko.

Ọjà ni ó bá. Ó ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kó tó rí i. Iṣu wà nílẹ̀ ní ìdì-ìdì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ata wà, àwọn obìnrin ń pe ara wọn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan sí èkejì. Fóònù Monínúọlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, áàpù tirẹ̀ sì ń sọ fún un pé àná ni ọjà Ìta-Ọsàn, pé èyí tó kàn di ọjọ́ Àìkú. Ó dúró sí àárín ọjà, ó ń wo fóònù, ó ń wo iṣu. Obìnrin kan ní kó yẹ̀ lọ́nà.

Lábẹ́ igi kan ní ìparí ọjà, Folúkẹ́ jókòó sórí àga onírọ́bà pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí oògùn. Àwọn àgbà bíi mẹ́tàlá tò síwájú rẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sórí bébà, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ru ẹrù padà sílé. Ó mọ̀ pé bí àjọ bá gbọ́ pé òun wá láìgba àṣẹ, yóò tún di ẹ̀sùn kejì. Ó rí Monínúọlá, ó dá a mọ̀, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ó fi kan ẹni tó kẹ́yìn. Monínúọlá kúnlẹ̀ kí i, ó sì dúró.

Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn dìde, Monínúọlá mú ìwé náà jáde. Ó ní òun fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé bí ọjà ọrọọrún ṣe ń bọ́ sí Ẹtì láti Ajé. Ó rọra béèrè ni, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó mọ̀wé ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀.

Folúkẹ́ wo ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé," ó ní, "ọjọ́ wo ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ?"

Monínúọlá ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e ni.

"Ọjọ́ kélòó nìyẹn?"

"Ọjọ́ kẹjọ, mà."

"Ó dáa. Wá kà á bí kọ̀ǹpútà rẹ ṣe ń kà á."

Monínúọlá nawọ́. Ó fi ìka àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣẹ́gun bó ṣe kọ ọ́ sínú áàpù, ó kà á lọ, ó sì bá ìka kẹjọ pàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìka náà dúró sókè. Kò sí ẹni tí í sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àbúrò rẹ̀ bímọ ní Abẹ́òkúta, òun gan-an ló ka ọjọ́ náà fún àwọn àna, láìwo kàlẹ́ńdà, láìronú sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni ọ̀kan. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó gbé e jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì bí ẹni bọ́ bàtà, ó sì wọlé lọ kà bí kàlẹ́ńdà ṣe ń kà. Ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọjọ́ tá a bá wà nínú rẹ̀, òun ni ọ̀kan," ni Folúkẹ́ wí. "Mo kọ ọ́ fún ẹ. Mo tún pè ẹ́." Ìbínú dé, ohùn Èkìtì rẹ̀ sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. "Uṣẹ́ ọdún mọ́kànlélógún. Uṣẹ́ mi rèé tí wọn á gbà lọ́la, wọn á ní mi ò mọ ọjà ulé bàbá mi."

Monínúọlá tọrọ àforíjì, Folúkẹ́ sì ní kó má tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun nìkan, ó ká ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Monínúọlá padà dé Òkè-Ìlá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Akínbọ́lá bó ṣe rí, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni Akínbọ́lá. Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní kò sí ọmọdé kan ní Ìyìn tí kò mọ èyí, pé bí òun bá ti ka àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan péré, òun á ti rí i, ṣùgbọ́n òun rí àwọ̀ ewé, òun kò sì kà á. Lẹ́yìn náà ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun tó rí rèé. Àṣìṣe Monínúọlá ń fi ọjọ́ kan kún kíkà náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọjọ́ kan ṣì í lákọ̀ọ́kọ́, ó fi méjì ṣì í lẹ́ẹ̀kejì, ó fi mẹ́ta ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, àṣìṣe náà ti yí po, á sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà gan-an. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ẹ̀ẹ̀kẹrin. Lọ́jọ́ náà, kíkà tó tọ́ àti kíkà tí kò tọ́ á jọ bọ́ sí ojú kan. Bí àwọn ará àjọ bá wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, wọn á bá bọ́ọ̀sì lọ́jà.

"Tún un ṣe lónìí," ni Akínbọ́lá wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí o pa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ yẹn rẹ́. Kò ní sí aláìsàn tó tún máa jìyà mọ́. Mẹ́fà la wà níbí, Moni. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ta ló máa tún gbé iṣẹ́ fún wa?"

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé òun ló san owó ilé ìwòsàn ìyá ọ̀kan nínú wọn lọ́dún tó kọjá. Ohun tó jẹ́ kó ṣòro fún Monínúọlá gan-an nìyẹn. Ì bá ṣe pé ọ̀dájú ni, ì bá ti mọ ohun tó máa sọ. Ó bi í pé Nọ́ọ̀sì ńkọ́. Akínbọ́lá ní àwọn lè wá iṣẹ́ fún un níbòmíràn. Kò wo ojú Monínúọlá nígbà tó ń sọ ọ́.

Monínúọlá padà sí ìdí kọ̀ǹpútà. Àǹfààní wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fi ọwọ́ lé e. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, tí àwọ̀ pupa ń sọ òtítọ́ fún un ní ìgbà mẹ́rin, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á lẹ́nu mọ́. Ó ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún mẹ́ta pé bí àyẹ̀wò bá pọ́n, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Òun kò béèrè. Ó mú ìwé oníbírò búlúù, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ àwọn ọjọ́ Folúkẹ́ padà sínú àyẹ̀wò bí wọ́n ṣe wà: Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ́n fòò. Kò tíì fọwọ́ kan ìṣirò náà. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní pípọ́n, ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì lọ sílé.

Ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, Folúkẹ́ jókòó sí ìparí tábìlì pẹ̀lú gèlè funfun ìjọ rẹ̀ lórí, àpò ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Lẹ́tà náà wà nínú fáìlì níwájú ọ̀gá àgbà àjọ, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó kọ áàpù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Akínbọ́lá dìde, ó kí wọn, ó ní Monínúọlá ni yóò ṣàlàyé, ó sì jókòó. Títí dòní, Monínúọlá kò mọ̀ bóyá Akínbọ́lá ti mọ ohun tí òun fẹ́ sọ.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó yí i sí wọn, ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọ̀ ewé ń sá lọ, ó ń sá lọ, lẹ́yìn náà pupa mẹ́rin.

"Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ kà á bó ṣe yẹ," ó ní. "Ó kọ ọ́ fún mi, ìwé náà rèé. Áàpù mi ló ṣì í. Nígbà tí àyẹ̀wò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo yí ìdáhùn Nọ́ọ̀sì padà kó lè bá àṣìṣe mi mu."

Ó ka ọ̀rọ̀ tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ fún wọn sókè, títí kan orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà gba ìwé oníbírò búlúù náà, ó sì ka ọjọ́ lórí ìka ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ó ń kà á. Ó pa fáìlì dé. Ó ní lẹ́tà kò sí mọ́. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Folúkẹ́, Folúkẹ́ náà kò sì retí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà tún ní àjọ máa wá àwọn mìíràn tí yóò gba iṣẹ́ áàpù náà bí oṣù bá parí.

Akínbọ́lá kò bá Monínúọlá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi dé Òkè-Ìlá. Monínúọlá tún ìṣirò náà ṣe, ìlà kan péré ni. Ó dúró títí gbogbo rẹ̀ fi yọ àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ kò sì dùn. Lẹ́yìn náà ó kó ife tíì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, ó lọ sídìí omi, ó ń fọ̀ wọ́n. Akínbọ́lá wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ta ló ń ronú ife. Ó fọ̀ wọ́n tán, ó dojú wọn dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ ọjà ni, Folúkẹ́ wà ní Ìta-Ọsàn pẹ̀lú bọ́ọ̀sì àti oògùn. Tiwalọpẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un ní ògì díẹ̀díẹ̀. Monínúọlá kúnlẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní òun ni òun kọ áàpù tó ń sọ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì máa wá, òun ni òun ṣì í kà. Tiwalọpẹ́ dá ṣíbí dúró. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, kò bú u, kò sì ní kó dìde. Ó padà sí ògì tó ń fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, kò já geere, Tiwalọpẹ́ ló túmọ̀ rẹ̀: ó ń béèrè pé bí ọjà bá jẹ́ òní, ọjọ́ wo lòmíràn. Monínúọlá la ẹnu, ẹ̀rù sì bà á láti dáhùn. Ìyá kò dúró dè é. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìbùsùn níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó gbé ti òsì sókè, ó ká àtàńpàkò, ó ní òní. Ó ká ìka tó tẹ̀ lé e, ó ní Ajé. Ó ń kà á lọ jẹ́jẹ́, ó ń sinmi láàárín, títí ó fi ká ìka tó kéré jù, gbogbo ọwọ́ náà sì di ìkúùkù.

"Ọjọ́bọ̀," ni Monínúọlá wí.

Ìyá náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún sọ̀rọ̀, lọ́tẹ̀ yìí Monínúọlá gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Ó ní kó bá òun sọ fún Nọ́ọ̀sì kó tọ́jú oògùn òun sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, kó má fún ẹlòmíràn, òun máa wá gbà á. Tiwalọpẹ́ yí ojú sí ògiri. Monínúọlá wo ẹsẹ̀ tó nà gbalaja lábẹ́ aṣọ, ó sì ní òun á sọ fún un.